Ibi Tí Àwọn Ìràwọ̀ Chicago Gbà Lọ

Láàárín ọdún 2006 sí 2017, ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú ìgbà méjìlá ni ilé-ìwé ìjọba tó wà nínú ìlú Chicago gba ife-ẹ̀yẹ básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù fún àwọn ọmọkùnrin sẹ́kọ́ńdírì ní ìpínlẹ̀ Illinois. Simeon nìkan gba mẹ́fà, Whitney Young gba mẹ́ta, Curie gba ẹyọ kan. Ó di pé àwọn ìlú yòókù á rìnrìn àjò wá síbi àṣekágbá, wọ́n á wo bí ọmọ Chicago ṣe ń gbé ife, wọ́n á sì padà sílé.

Lẹ́yìn 2017 ńkọ́? Ó parí síbẹ̀. Belleville West, tó wà lọ́hùn-ún nítòsí St. Louis, gba ife náà ní 2018 àti 2019. Àrùn Kòrónà dí ìdíje ọdún méjì tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà sórí pápá, Glenbard West ló gbà á ní 2022, Moline ní 2023, Homewood-Flossmoor ní 2024, Benet ní 2025. Kò sí ilé-ìwé ìjọba Chicago kankan láàárín wọn. Lóòótọ́, ìpele mẹ́rin ni Illinois pín ìdíje yìí sí gẹ́gẹ́ bí iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ìpele tó ga jù là ń wí yìí. Ṣùgbọ́n ìpele yẹn ni Chicago ti máa ń fọ́nnu.

Ẹni tó bá mọ ohun tí orúkọ Chicago jẹ́ nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Cazzie Russell, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní 1966, Carver ló ti jáde. Terry Cummings àti Tim Hardaway náà, Carver ni. Mark Aguirre, tí wọ́n kọ́kọ́ mú ní 1981, Westinghouse ló lọ. Maurice Cheeks, DuSable. Juwan Howard, Chicago Vocational. Kevin Garnett fi South Carolina sílẹ̀ wá lo ọdún tó kẹ́yìn ní Farragut, ibẹ̀ ló sì ti fò bọ́ sí NBA ní 1995 láì fẹsẹ̀ kan yunifásítì. Tony Allen, Crane. Patrick Beverley, Marshall. Ti Derrick Rose ti Simeon ló wá kẹ́nú àwọn èèyàn: òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní 2008, nígbà tó sì di 2011, ọmọ ọdún 22 péré, òun ni wọ́n dìbò yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dáńgájíá jù ní gbogbo NBA.

Ilé-ìwé ìjọba ni gbogbo wọn, èyí tí òbí kì í sanwó kí ọmọ tó wọ̀ ọ́.

Wọn ò sì ṣàdédé di ọ̀gá. Ní 1954, DuSable, tó jẹ́ pé èèyàn dúdú ni gbogbo ọmọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀, dé àṣekágbá ìpínlẹ̀. Mount Vernon nà wọ́n, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní apá gúúsù Chicago ò sì yéé sọ pé fèrè rẹfirí ló gba ife lọ́wọ́ wọn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Marshall gbá eré 31 láì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì gbé ife ọ̀hún délé. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ èèyàn dúdú tó ti gbà á rí ní Illinois. Láti Mississippi, Arkansas àti Alabama ni ọ̀pọ̀ ìdílé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ṣí wá, tí wọ́n ń sá fún ìyà àwọn òyìnbó gúúsù, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ irin àti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ìjọba ìlú kó wọn sí ojú kan náà, àdúgbò kún fọ́fọ́, gbogbo ọmọ àdúgbò sì ń lọ sí ilé-ìwé tó sún mọ́ wọn. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, kò sí bí ẹni mẹ́wàá tó mọ bọ́ọ̀lù ní àmọ̀dunjú ò ṣe ní jáde lọ́dọọdún.

Bí ilé-ìwé àti àdúgbò ṣe so mọ́ra wọn nígbà náà hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ Ben Wilson. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ga, ara rẹ̀ sì yá bíi ti ọmọ kékeré. Ní oṣù Kẹta 1984, ó wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ife ìpínlẹ̀ fún Simeon nígbà àkọ́kọ́. Nígbà ẹ̀rùn ọdún yẹn, ó lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń dán àwọn ọ̀dọ́ wò, àwọn tó ń fi ojú ṣùnnùkùn wo ọmọ agbábọ́ọ̀lù sì gbé e sí ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ó jáde sí Vincennes Avenue, ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé wọn, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Òun àti ọ̀dọ́ kan láti ilé-ìwé mìíràn fara gbúnra, ọ̀rọ̀ di asọ̀, ìbọn sì dún. Ó kú ní ìdájí ọjọ́ kejì.

Alẹ́ ọjọ́ tó kú gan-an ló yẹ kí Simeon bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun. Àwọn ọmọ náà lọ, wọ́n gbá eré náà, wọ́n sì borí. Wọ́n tẹ́ òkú Wilson sínú gbọ̀ngàn ìṣeré ilé-ìwé rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì tò kọjá níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà 25 tó máa ń wọ̀ ti di ohun àpọ́nlé ní Simeon. Nick Anderson, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, wọ̀ ọ́ dé NBA. Rose wọ̀ ọ́ nígbà tó gba ife méjì léra ní 2006 àti 2007. Ọmọ tó jẹ́ pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú Wilson ni wọ́n tó bí i!

Ó wá ku ká béèrè ibi tí gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Àwọn kan á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ya ọ̀lẹ, pé fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ìdí ayò lásán nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó kọ́kọ́ lọ ka orí èèyàn.

Ní 1980, àwọn èèyàn dúdú tó ń gbé nínú Chicago tó 1,200,000. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2020, wọn ò pé 800,000. Ìdá mẹ́ta wọn ti di àwátì, bẹ́ẹ̀ ogun ò jà, omíyalé ò sì ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ irin kógbá wọlé, iṣẹ́ tán. Ní 2000, ìjọba ìlú gbé ètò kan kalẹ̀ láti wó àwọn ilé àwòṣífìlà tí wọ́n kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù. Robert Taylor Homes, ilé 28 tó tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá títì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àjà 16, níbi tí Maurice Cheeks ti dàgbà, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn wó ní 2007. Cabrini-Green tẹ̀ lé e ní 2011. Kò sẹ́ni tó lè ní ayé dẹrùn nínú àwọn ilé yẹn. Ìwà ọ̀daràn gbilẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè kì í ṣiṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wó o, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fọ́n ká: àwọn kan lọ sí àwọn ìlú kéékèèké tó yí Chicago ká lápá gúúsù, àwọn kan sọdá sí Indiana, àwọn mìíràn padà sí Atlanta àti gúúsù tí àwọn òbí wọn àgbà ti sá wá.

Homewood-Flossmoor tó gba ife ní 2024, ẹ̀yìn odi Chicago lápá gúúsù ló wà, èèyàn dúdú ló sì pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn tí wọ́n ní ó ti tán ń bẹ níbẹ̀. Ó ti kó jáde nínú ìlú ni.

Àwọn ilé-ìwé inú ìlú náà ò sì dúró bí wọ́n ṣe wà. Lọ́dún 2002, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé ìjọba Chicago lé ní 430,000. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ti dín sí nǹkan bíi 322,000. Ní 2013, ìjọba ìlú ti bíi 50 ilé-ìwé pa lẹ́ẹ̀kan náà. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, àdúgbò èèyàn dúdú ni ọ̀pọ̀ wọn sì wà. Irú ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Ẹ wá wo àwọn orúkọ tí a kà lókè. Carver ti di ilé-ìwé ológun. Wọ́n sọ King, ilé-ìwé ìjọba mìíràn tó gba ife ìpínlẹ̀ ní 1986, 1990 àti 1993, di ilé-ìwé tí ọmọ gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kó tó wọ̀ ọ́. Westinghouse gba ilé tuntun ní 2009, òun náà sì ń yan akẹ́kọ̀ọ́. DuSable tú, wọ́n kó ilé-ìwé kéékèèké mìíràn sínú ilé rẹ̀. Wọ́n yí Crane padà sí ibi tí wọ́n ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlera. Bóyá ó ṣe ẹ̀kọ́ láǹfààní tàbí kò ṣe é, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Ní ti básíkẹ́ẹ̀tì, okùn tó so ẹgbẹ́ mọ́ àdúgbò ti já. Lónìí, ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Chicago tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ò tó 50. Nínú 50, ọkùnrin mélòó ló máa ga, mélòó ló máa lè sáré, mélòó ni máàkì rẹ̀ máa gbà á láàyè láti gbá bọ́ọ̀lù?

Nǹkan mìíràn tún wà. Chicago gba ọmọ láyè láti fi ilé-ìwé àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òmíràn nínú ìlú. Àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù wá ń ṣù jọ sí ilé-ìwé márùn-ún tàbí mẹ́fà: Simeon, Young, Curie, Morgan Park, Kenwood. Fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn gan-an ló mú kí Public League, bí wọ́n ṣe ń pe ìdíje àwọn ilé-ìwé ìjọba Chicago, dà bí èyí tó ń gbèrú. Ọdún mẹ́rin léra tí Jabari Parker fi wà ní Simeon, láti 2010 sí 2013, ni wọ́n gba ife ìpínlẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan wà ní oṣù Kejì 2014 tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó lè gbàgbé. Àṣekágbá Public League ni, Whitney Young kojú Curie. Jahlil Okafor, ọmọ tí ìran bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ni òpó Young. Cliff Alexander ni ti Curie. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń lé kiri lọ́dún yẹn. Àkókò pé, ọ̀mì. Wọ́n fi àkókò kún un, ọ̀mì. Wọ́n tún fi kún un. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi àkókò kún eré náà kí Curie tó borí pẹ̀lú 69 sí 66. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ ilé-ìwé kéde pé méje nínú àwọn ọmọ Curie ò yẹ ní gbígbá bọ́ọ̀lù, nítorí máàkì wọn kéré, wọn ò sì ṣe ìwé tó yẹ kí wọ́n ṣe lórí ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n gba ife náà padà. 

Àwọn tó ń kó ọmọ jáde nínú ìlú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fíìmù Hoop Dreams, tó jáde ní 1994, ti fi í han gbogbo ayé. Ilé-ìwé St. Joseph, ti ìjọ Àgùdà ní ìgbèríko Westchester, níbi tí Isiah Thomas ti jáde, ló ránṣẹ́ pe William Gates láti Cabrini-Green àti Arthur Agee láti apá ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ti Gates, wọ́n rí ẹni bá a san owó ilé-ìwé. Ti Agee, eré rẹ̀ ò tètè jọ wọ́n lójú, òbí rẹ̀ ò rówó san, wọ́n dá a dúró láàárín ọdún. Marshall ló gbà á, ilé-ìwé ìjọba tó gba ife ní 1958 yẹn náà. Ní 1991, Agee àti Marshall dé ipò kẹta ní ìpínlẹ̀, St. Joseph ò dé ibẹ̀.

Nígbà yẹn, Westchester ni wọ́n ń kó wọn lọ. Nísinsìnyí, Florida, Virginia, Kansas ni. Montverde àti IMG ní Florida, Oak Hill ní Virginia, La Lumiere ní Indiana níbi tí kò jìnnà sí Chicago: ilé-ìwé aládàáni tó ní ibùgbé, tó ń kó ọmọ jọ láti gbogbo ayé, tí ẹgbẹ́ wọn ń wọ bàálù lọ gbá bọ́ọ̀lù. Findlay Prep ní Nevada ti ẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ: ìgbà kan wà tó jẹ́ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì tó wà níbẹ̀. Ó kógbá wọlé ní 2019. Ní 2021, Overtime Elite bẹ̀rẹ̀ ní Atlanta, tí wọ́n ń san ó kéré tán 100,000 dọ́là lọ́dún fún ọmọ tí kò tíì jáde sẹ́kọ́ńdírì. Ilé-ìwé ìjọba wo ló máa bá irú owó bẹ́ẹ̀ figagbága? Wọ́n ń já àwọn ọmọ wọ̀nyí bí ìgbà tí èèyàn ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì gbó, kóòṣì tó sì dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ láti kékeré á kàn gbọ́ pé ọmọ ti lọ. Terrence Shannon, tó wọ NBA ní 2024, Lincoln Park ní Chicago ló wà kó tó lọ parí sí IMG.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà ló wà nídìí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Nígbà ẹ̀rùn tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ aládàáni tí Nike, Adidas àti Under Armour ń ná owó lé lórí ló ń kó ọmọ káàkiri orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ ni kóòṣì yunifásítì sì ti ń wo wọn. Anthony Davis ni ẹ̀rí tó dájú jù. Perspectives, ilé-ìwé kékeré kan ní Chicago tí àwọn oníròyìn kì í yà sí, ló lọ. Ó ga lójijì di ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 10, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Meanstreets ní 2010, oṣù díẹ̀ ni gbogbo Amẹ́ríkà fi ń pariwo orúkọ rẹ̀, ní 2012 òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú wọ NBA. Bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kó kúrò ní Perspectives. Ọmọ mélòó lónìí ni bàbá rẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ Ayọ̀ Dosunmu ṣàrà ọ̀tọ̀. Orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ará Ìsàlẹ̀ Èkó ni, àmọ́ Chicago ni wọ́n bí ọmọ náà sí ní oṣù Kìíní ọdún 2000. Westinghouse ló kọ́kọ́ lọ, kó tó kọjá sí Morgan Park, apá gúúsù ìlú. Kò lọ sí Florida, kò lọ sí Virginia. Morgan Park gba ife ìpele kẹta ní 2017 àti 2018 nígbà tó wà níbẹ̀. Yunifásítì Illinois, ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ gan-an, ló lọ, ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n kà sí ọ̀gá láàárín gbogbo ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà ní 2021. Chicago Bulls mú un lọ́dún yẹn, ẹni kejìdínlógójì. Láti àdúgbò dé ilé-ìwé ìjọba, dé yunifásítì ìpínlẹ̀, dé ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀: ọ̀nà àwọn àgbà ló tọ̀, èrò tó wà lójú ọ̀nà yẹn mọ́ ò sì pọ̀.

Chicago nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní New York, Lincoln ní Brooklyn ni Stephon Marbury, Sebastian Telfair àti Lance Stephenson ti jáde. Stephenson gba ife ìlú ní gbogbo ọdún mẹ́rin tó lò, àmì-ayò 2,946 ló sì jù sáwọ̀n. Ṣùgbọ́n Hamidou Diallo, ọmọ Queens tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Guinea, fi John Bowne, ilé-ìwé ìjọba, sílẹ̀ lọ sí Connecticut. Precious Achiuwa, tí wọ́n bí ní Port Harcourt tó sì wá gbé ní New York, ilé-ìwé aládàáni ní New Jersey àti Montverde ló gbà lọ.

Ó tọ́ ká sọ ti ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Ayé ti mọ eré náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti 2019 títí di 2025, kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà tó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáńgájíá jù ní NBA tí Rose gbà yẹn. Giannis Antetokounmpo, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló kọ́kọ́ gbà á ní 2019, Athens ni wọ́n sì bí i sí. Chicago ò ní dá gbogbo ayé jẹ mọ́, kódà ká ní àwọn èèyàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá sì lọ sí Montverde kò ṣẹ̀. Oúnjẹ tó dára, olùkọ́ púpọ̀, ibi tí ìbọn kì í dún, òbí wo ni ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ rẹ̀?

Ìràwọ̀ kọ́ ló ń pàdánù jù, torí òun rí ibi lọ. Ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ ni, ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin nínú ẹgbẹ́. Láyé Wilson àti Rose, kóòṣì yunifásítì á wá wo ìràwọ̀, ojú rẹ̀ á bọ́ sára ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún un, á fún ìyẹn náà láǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí ìràwọ̀ ò sí mọ́, ta ni kóòṣì ọ̀hún wá wò? Láti 2021 ni òfin tuntun tún ti dé: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè fi ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù lọ láì dúró, ó sì lè gba owó lórí orúkọ rẹ̀. Kóòṣì tó bá ń wá èèyàn kò fẹ́ fi ọmọ ọdún 17 ṣe wàhálà mọ́ nígbà tó lè mú géńdé ọmọ ọdún 22 tó ti gbá bọ́ọ̀lù ọdún mẹ́ta níbòmíràn. Ọmọ Crane tàbí Farragut tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wá ń fi fídíò ránṣẹ́ sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ní Iowa àti Kansas. Ọ̀nà tí Tony Allen gbà kọjá nìyẹn, láti Crane lọ sí Butler ní Kansas, kó tó dé Oklahoma State, kó tó dé NBA ní 2004. Àmọ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyẹn náà ti ń gba àwọn tí yunifásítì ńláńlá lé jáde, àyè tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì sì ń dín kù.